Ìbéèrè Ìyá Aláṣọ: Ṣé Wàhálà Ọjà Náà Ni Eré Ìdárayá?



 Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe parí àsálátù, ìyá kan tó ń ta aṣọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní dókítà sọ fún òun pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, pé yàtọ̀ sí oògùn, kí òun máa ṣe eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ náà ń bí i nínú. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ bá mi dá sí i. Ìdájí ni mò ń jí, ọjà ni mò ń lọ, alẹ́ ni mò ń wọlé. Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé n kì í lè jẹun tán. Ṣé gbogbo wàhálà yẹn kì í ṣe eré ìdárayá ni?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe pé n kò ní èsì lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí mo bá dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni yóò jẹ́, èyíkéyìí nínú méjèèjì sì lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn tó ṣáájú wa ti wò ó, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ lé e lórí nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Ohun tí wọ́n rí ni mo kó wá fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eré méjì tí ẹnì kan ṣoṣo sá. Salamah ọmọ al-Akwa‘ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ́ sàábé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sí Khaybar nígbà tí àwọn ará Ghatafān ya bo ibi tí ràkúnmí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ń jẹko. Wọ́n pa darandaran, wọ́n sì kó àwọn ràkúnmí lọ. Salamah gun orí òkè kan, ó kọjú sí Mọdínà, ó ké gbàjarè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbá tẹ̀ lé àwọn olè náà, òun nìkan. Ẹṣin ni wọ́n gùn, ẹsẹ̀ lòun fi ń sáré, ó ń ta wọ́n lọ́fà bó ṣe ń lọ. Kò sinmi títí ó fi gba gbogbo ràkúnmí náà padà. Àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù sílẹ̀ kí ara wọn lè fúyẹ́. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ lé ní aṣọ ìbora 30 àti ọ̀kọ̀ 30.

Ìyẹn leré kìíní. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Mọdínà, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) gbé Salamah sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí ràkúnmí. Ọ̀kan nínú àwọn Ansār, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá sáré kó borí, wá ń pariwo lójú ọ̀nà pé ta ló lè bá òun sáré dé Mọdínà. Salamah tọrọ ààyè lọ́wọ́ Ànábì, ó fò sọ̀kalẹ̀, ó di eré. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀ o. Kò lo gbogbo agbára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lò títí wọ́n fi kọjá gegele kan tàbí méjì, ìgbà náà ló tó tú ara sílẹ̀. Ó bá ọkùnrin náà, ó gbá a láàárín èjìká méjèèjì, ó ní òun ti borí. Ìtàn méjèèjì wà nínú Sọhīhu Muslim, nínú hádíìsì kan ṣoṣo.

Ẹsẹ̀ kan náà ló fi sá eré méjèèjì, ilẹ̀ kan náà ló sì sá a lé. Ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, àwọn olè ló ń pinnu bí yóò ṣe sáré tó. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kò lè dúró, nítorí ràkúnmí yóò lọ. Nínú ti èkejì, kò sí ràkúnmí kankan lọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ ló gé eré náà sí ìwọ̀n ara rẹ̀, ó mọ ìgbà tí yóò fà á sẹ́yìn, ó mọ ìgbà tí yóò jù ú sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé.

Àwọn ẹṣin Mọdínà náà tún jẹ́rìí sí i. Abdullāh ọmọ ‘Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì) ròyìn pé Ànábì (SAW) ṣètò ìdíje ẹṣin, òun gan-an sì wà lára àwọn tó kópa. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n là. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́ fún eré ìje sáré láti al-Hafyā’ dé Thaniyyat al-Wadā‘, ìyẹn máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí wọn kò tọ́ sáré láti Thaniyyah náà dé mọ́sálásí Banū Zurayq, máìlì 1 péré. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ẹṣin bẹ́ẹ̀: wọn yóò kọ́kọ́ bọ́ ọ títí yóò fi sanra, wọn yóò wá dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọn yóò da aṣọ bò ó kó lè làágùn, títí ọ̀rá ara rẹ̀ yóò fi yọ́ tí ẹran ara rẹ̀ yóò sì le.

Ẹ̀yin ará mi, ẹṣin tí wọn kò tọ́ yìí kì í ṣe ẹṣin ọ̀lẹ. Ẹṣin tí ń gbé èèyàn rìn ni. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé níwọ̀n ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kó lọ bá àwọn tí wọ́n tọ́ sá máìlì 6. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ kì í mú ara gbaradì fún ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ni mò ń kẹ́gàn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ru erùpẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò láti dáàbò bo Mọdínà, títí eruku fi bo ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi ‘Ā’ishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) nípa ohun tó máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá tó, yóò jáde lọ kírun. Iṣẹ́ ní iyì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tún lè ba ara jẹ́, ẹ̀rí ìyẹn náà wà nínú ilé Ànábì. Fātimah ọmọ rẹ̀ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń fi ọwọ́ yí ọlọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ro ó, ó sì lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti tọrọ ìránṣẹ́. Ẹ mọ bí ìtàn náà ṣe parí: Ànábì wá bá òun àti ọkọ rẹ̀ lálẹ́, ó sì kọ́ wọn ní àfọ̀mọ́ 33, ọpẹ́ 33 àti ìgbétóbi 34 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni ohun tí kò sọ. Kò sọ fún un pé ọlọ yíyí dára fún apá.

Ẹni tó wá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìṣègùn lọ́nà tó yé mi jù ni Abū ‘Alī Ibn Sīnā. Wọ́n bí i ní ọdún 980 nítòsí Bukhārā, tó wà ní Uzbekistan lónìí, ó sì kú sí Hamadān ní Ìráànì ní 1037. Ìwé rẹ̀, al-Qānūn fī al-Tibb, di ìwé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yúróòpù ń kà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, lẹ́yìn tí Gerard ará Cremona túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní Toledo. Nínú ìwé yìí, ó ya orí mélòó kan sọ́tọ̀ fún ohun tí Lárúbáwá ń pè ní riyādah.

Ó kọ́kọ́ sọ ohun tí riyādah jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ara bá mira. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára débi tí èémí yóò fi di ńlá, tí yóò sì máa yára tẹ̀ léra. Òótọ́ ni pé Galen, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ti sọ̀rọ̀ èémí yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀, Ibn Sīnā kò sì fi pa mọ́ pé òun ka ìwé Galen. Lẹ́yìn náà ló wá pín in sí méjì. Ọ̀kan ni èyí tí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn bá fà wá, tí ara ń rí gbà bí ẹni ń rí èènì gbà lọ́jà. Èkejì ni ojúlówó, èyí tí èèyàn gbèrò rẹ̀ nítorí ara rẹ̀, tó ń fi í wá àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà nípa àníyàn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ohun méjì lè jọra lójú, kí ohun tó wà lọ́kàn yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lábẹ́ ojúlówó yìí, ó ka ìjàkadì, eré sísá, ìrìn kánkán, ọfà títa, ẹṣin gígùn àti fífò. Kò gbàgbé àwọn tí ara wọn kò dá. Ó ní fífì lórí okùn jangilọ́fà tàbí jíjókòó sínú ọkọ̀ ojú omi wà fún wọn. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló sì fún ní tirẹ̀, títí kan ojú àti ohùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ohùn, mo rántí àwọn ọmọ ilé kéwú wa tí ń ka wákà wọn sókè láàárọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú orí náà ni ibi tó ti sọ ìgbà tí èèyàn yóò dúró. Ó ní kí a máa wo nǹkan mẹ́ta: àwọ̀ ara, bí ara ṣe fúyẹ́ sí, àti bí àwọn ẹ̀yà ara ṣe rí. Níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ bá ṣì ń dán sí i, tí ara sì ṣì ń yá, kó máa bá a lọ. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn, kó dáwọ́ dúró. Ẹ wò ó báyìí: alábàárù wo ló lè dúró nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣú? Ta ni yóò san owó fún un? Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi lè jọ eré ìdárayá láti òkèèrè, tí kò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹrù ló ń pàṣẹ fún alábàárù. Nínú eré ìdárayá, ara ló ń pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá fò dé Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ohun tí Ibn Sīnā sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójijì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremiah Morris, tí wọ́n bí ní Liverpool ní 1910, wá ronú àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ènìyàn méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: awakọ̀ jókòó sídìí ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wákàtí iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ńdọ́ sì ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láti gba owó. Lóòjọ́, àtẹ̀gùn tí kọ̀ńdọ́ ń gùn lé ní 500. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, irú èèyàn kan náà ni wọ́n, wọ́n jọ ń gbé irú àdúgbò kan náà. Ìjókòó àti ìgòkè ló yà wọ́n.

Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ nǹkan bí 31,000 ọkùnrin, láti ẹni ọdún 35 sí 64, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet ní 1953. Àrùn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ńdọ́ tó bó ṣe mú àwọn awakọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ mú wọn, ó máa ń pẹ́ kó tó mú wọn, kì í sì í tètè pa wọ́n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà. Bákan náà ló rí láàárín àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri àti àwọn tó jókòó sídìí tábìlì. Onítọ̀hún kò fi èyí gbéra ga. Ní 1956, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti kọ̀ńdọ́ lọ láti kékeré. Ìyẹn fi hàn pé ó lè jẹ́ pé kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Mo fẹ́ràn onímọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀.

Kò sí kọ̀ńdọ́ kan tó gun àtẹ̀gùn náà nítorí ọkàn rẹ̀. Owó ọkọ̀ ló ń gbà. Irú kìíní tí Ibn Sīnā sọ gan-an nìyẹn, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ìyá aláṣọ pé wàhálà ọjà kò já mọ́ nǹkan kan, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ayé ń yí, iṣẹ́ tí ń mú èèyàn jókòó ń pọ̀ sí i. Morris tún lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tí gbogbo wọn ń jókòó. Láàárín 1968 sí 1970, ọkùnrin 16,882 kọ ohun tí wọ́n fi ara wọn ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé sílẹ̀ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Láàárín àwọn wọ̀nyí, lílọ bíbọ̀ wẹ́wẹ́ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ohun tó le, irú bí ìrìn kánkán, òmi lúwẹ̀ẹ́ àti eré sísá, ni ewu àrùn ọkàn wọn wá sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta ti àwọn yòókù. Ibi tí iṣẹ́ kò bá ti fún ara ní ohunkóhun mọ́, àfi kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ wá a.

Ní 1985, Carl Caspersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà kọ ìwé kúkúrú kan tí àwọn onímọ̀ ń lò títí dòní láti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí iṣan bá gbé ara, tí ara sì jó agbára, lílo ara ni. Eré ìdárayá jẹ́ ẹ̀ka kan lára rẹ̀: èyí tí a ṣètò, tí a ń tún ṣe, tí a sì ní lọ́kàn pé ara ni a fẹ́ fi tún ṣe. Bí mo ṣe ka ìyẹn, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ti ka Qānūn ni?"

Láìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ ní Dẹ́máàkì tún kíyè sí ohun tí Fātimah ti mọ̀ lára ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ agbára tí kò ní ìsinmi, ẹrù gbígbé láti òwúrọ̀ dalẹ́, kì í ṣe ọkàn ní oore tí eré ìdárayá ń ṣe é. Ó tilẹ̀ lè pa á lára. Àtẹ̀gùn kọ̀ńdọ́ ní ìsinmi láàárín. Ẹrù alábàárù kò ní.

Kí n sọ ọ̀kan tí yóò bí àwọn kan nínú. Àwa oníwàásù fẹ́ràn láti máa sọ pé ìrun márààrún ti tó fún eré ìdárayá. Èmi náà ti sọ ọ́ rí lórí mínbárì. Mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ìrun dára fún oríkèé, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìbàlẹ̀ ara wà lára ohun tó mú ìrun pé, ohun tó bá sì bá ìbàlẹ̀ mu kì í mú èémí di ńlá. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Ibn Sīnā wọ̀n ọ́n, kò wọlé. Kí ló tilẹ̀ dé tí a fi fẹ́ kó wọlé? Ìjọ́sìn ni. Èmi tí mò ń jókòó sórí ẹní kọ́ ọmọ kéwú láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí ọmọ ilé kéwú sì ń pọn omi àlùwàlá fún mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù lèmi.

Kí n tó parí àkọsílẹ̀ yìí, mo lọ bá ìyá náà ní ìsọ̀ wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló ń gbé ìdì aṣọ láti ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ àwọn ni. Ta ló ń gun àtẹ̀gùn lọ gbé èyí tí oníbàárà bá yàn? Òun náà ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní, "Mò ń ná ọjà pẹ̀lú wọn ni." Mo ní àárẹ̀ wọn kì í ṣe irọ́: oòrùn, ariwo, gbèsè àwọn oníbàárà, gbogbo rẹ̀ ń múni rẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí wọn kò di ńlá rárá láti àárọ̀. Mo sọ fún wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 sọ pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló yẹ àgbàlagbà, pé èèyàn lè gé e sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì bi dókítà wọn léèrè ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Wọ́n ní àwọn lè máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán lọ sọ́jà láàárọ̀ dípò ọ̀kadà, kí oòrùn tó mú.

Ọmọ iṣẹ́ náà gbé ìdì aṣọ mìíràn dé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá náà bi mí pé, "Òun náà ńkọ́, Àlùfáà? Ṣé kóun náà máa rìn kánkán ni?" Mo ní àga ni kí wọ́n wá fún un. Wọ́n fa ọ̀kan yọ lábẹ́ pẹpẹ, wọ́n nù ún, ọmọ náà sì jókòó.